Oyin Tí Mo Pọ̀n Sẹ́yìn

Ẹ gbé ọkọ́ yín sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi. Kí a tó máa bá òdòdó tí à ń gbìn fún oyin lọ lónìí, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú fún yín.

Kajú gbogbo ìlú ń tanná, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó so. Oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sóko ti lé oyin lọ. Ẹ wá ní kí èmi àti Ìbídàpọ̀ ẹgbẹ́ wa lọ bá ọ̀gá àgbẹ̀ tó ń pàṣẹ oògùn náà ní ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì náà léfòó sókè orí igi kajú, bí èéfín tó dúró sójú kan. A gun igi, a kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn ló ṣílẹ̀kùn fún wa.

Ó ní, "Ẹ máa wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé omi lásán ni kí wọ́n máa rọ sí mi nínú. Inú ń run mí."

Ìbídàpọ̀ ní, "Pẹ̀lẹ́. A ó sọ."

Ọ̀gá wọ kóòtù, wọ́n jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àwa ọ̀dọ́ fẹ́ gbin òdòdó sẹ́bàá ọ̀nà, kí oyin lè padà wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fín oògùn nígbà tí kajú ń tanná, asán ni iṣẹ́ wa."

Wọ́n lanu láti dáhùn, wọ́n ké "mẹ̀ẹ́". Wọ́n ti di òbúkọ, tòun ti kóòtù. Kò yà mí lẹ́nu. Mo rò pé bóyá ọjọ́ tí wọ́n máa ń di òbúkọ la wá.

Wọ́n na ọrùn gba ojú fèrèsé, wọ́n ń jẹ òdòdó kajú. Ìgbà yẹn ni mo rí oyin kan ṣoṣo lórí ẹ̀ka, ìyá arúgbó, wọ́n tóbi tó ọmọ ọwọ́. Mo fẹ́ lé òbúkọ, ìyá ní, "Fi wọ́n sílẹ̀, ọmọ mi. Ebi ló ń pa wọ́n. Èmi ni mi ò tíì dé ìdí òdòdó yẹn. Apá mi ò gbé mi mọ́."

Òbúkọ dẹ́kun jíjẹ. Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Màmá, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan lẹ kù."

Mo tú ìborùn mi, mo fi pọ̀n ìyá. Láti igi dé igi ni mo ń gbé wọn lọ, wọ́n ń nawọ́ kan òdòdó. Ibi tí wọ́n bá fọwọ́ kàn ń so. Ìbídàpọ̀ gbé ẹ̀rọ kọ́ èjìká, ó ń bomi rin ilẹ̀. Ọ̀gá ń bọ̀ lẹ́yìn wa, àtíkè òdòdó kún irùngbọ̀n wọn, wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tí a bá pàdé pé, "Kí ẹnikẹ́ni má fín oògùn o, títí kajú á fi so." Ọ́fíìsì náà rọra balẹ̀ sáàárín oko.

Ìyá gbé orí lé mi lẹ́yìn, wọ́n ń kùn: hùnùn, hùnùn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má tíì sọ̀ mí."

Ibẹ̀ ni mo ti jí. Àbúrò mi kékeré ti kúrò lórí ẹní tirẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, ọ̀fìnkìn dí i nímú, ó ń kùn hùnùn, hùnùn. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń dúró dè mí, ṣùgbọ́n mi ò lè yíra padà.

Ìdí tí mo fi pẹ́ dé nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ bá iṣẹ́ dé?