Ìjókòó Tí Kọ̀ǹpútà Yàn fún Ìyá

Nígbà tí àwòrán ìlà iṣẹ́ tuntun yọ lára ògiri yàrá ìjẹun ilé-iṣẹ́, ìjókòó Ìyá nìkan ni wọ́n kùn ní àwọ̀ ewéko. Gbogbo òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Ọmọ Ìyá, ọkọ ìyàwó, tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀, ti kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń gbé, tí wọ́n sì jọ ń lọ sí ilé-iṣẹ́ tí a ti ń to fáànù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì tí ń gbé fáànù kọjá, ìjókòó Ìyá ló ṣáájú, ti ìyàwó tẹ̀ lé e. Ìyá á de nọ́ọ̀tì méjì mọ́ ẹ̀rọ inú fáànù, ìyàwó á de méjì yòókù.

Ẹnjiníà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ, ti dúró lẹ́yìn oníkálukú òṣìṣẹ́ pẹ̀lú aago lọ́wọ́ láti wọn bí ọwọ́ wọn ti yá tó. Ó wá ń ṣàlàyé.

“Ẹni tí ó bá lọ́ra jù nínú wa ni gbogbo wa ń dúró dè. Mo fẹ́ pín iṣẹ́ náà kí ó má wọ ẹnì kan lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a lè gbà pín in kò lóǹkà. Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà to ìlà iṣẹ́ púpọ̀ jọ bó ṣe wù ú. Àwọn tí ó yá nínú wọn ló fi ṣe òbí. Ó mú ìdajì lára ọ̀kan, ó mú ìdajì lára èkejì, ó bí ọmọ. Nígbà mìíràn á yí nǹkan kékeré padà lára ọmọ náà. Èyí tí kò bá dára á kú. Àwọn ọmọ tún bímọ, títí dé àrọ́mọdọ́mọ. Èyí tí ẹ ń wò yìí ló borí gbogbo wọn.”

“Ìlà iṣẹ́ tún ń bímọ?” Aláwàdà, tí ń di fáànù sínú páálí, ló pariwo bẹ́ẹ̀. “Ẹnjiníà, ta ló gbẹ̀bí wọn? Àbí wọ́n ṣì ń mu ọmú nínú kọ̀ǹpútà yẹn?”

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ẹnjiníà ní, “Nínú gbogbo yín, ọwọ́ Ìyá ló yá jù. Àwọn nìkan ni yóò máa de nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyàwó wọn, tí ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra, á lọ máa di páálí pẹ̀lú Aláwàdà.”

Ìyá tún gèlè rẹ̀ ṣe. “Ẹ gbọ́ bí? Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí lárúgbó.” Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì hàn. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó ti rí eyín yẹn gbẹ̀yìn.

Ìyàwó mọ ohun tí aago kò mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ náà ni ọwọ́ Ìyá ti ń gbọ̀n. Ó ń yí nọ́ọ̀tì wọlé láìjẹ́ kí ó le dáadáa, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀ ó ti le. Bí fáànù bá dé ọ̀dọ̀ ìyàwó, òun ni yóò fi sípánà tún ti Ìyá dè kí ó tó de tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi yá, tí èkejì fi lọ́ra.

Nírọ̀lẹ́, ó pinnu láti sọ ọ́. Ó wọ ilé ìdáná, ó bá Ìyá tí ń kọ orin kan lábẹ́lẹ̀ bí ó ti ń fọ abọ́. Ọ̀rọ̀ náà padà sí i nínú.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dán ìlà tuntun náà wò. Fáànù ń ṣàn bí omi. Ẹnjiníà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyàwó di páálí mú, kò sì rántí ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Ọkùnrin tí ń dán fáànù wò ki wáyà fáànù àkọ́kọ́ bọ iná. Fáànù náà kùn, ó gbọ̀n, ẹ̀rọ inú rẹ̀ já kúrò nídìí, apá rẹ̀ gbá àwọ̀n ya, gbogbo rẹ̀ sì fò kúrò lórí tábìlì wá balẹ̀ síwájú Aláwàdà.

“Ẹ̀mí mi o!” Aláwàdà ti wà lórí òkìtì páálí.

Wọ́n dá bẹ́líìtì dúró. Ẹnjiníà ṣí fáànù kejì, ó fi ìka yí nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì náà sì yí. Ó ṣí ẹ̀kẹta. Bákan náà. Gbogbo ojú lọ sára Ìyá.

“Kò lè jẹ́ tèmi,” ni Ìyá wí. “Láti ìgbà tí mo ti ń dè é, èwo ló padà rí?”

“Ìyá.” Ohùn ìyàwó kéré. “Èmi ni mo máa ń tún un dè.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí a ti sin ín.”

Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni wo ọwọ́ àlejò. “Nígbà náà, o sin èmi náà mọ́ ọn, o kò sì sọ fún mi.”

Ẹnjiníà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Aago mi kò wọn ọwọ́ ẹnì kankan bó ṣe rí,” ó ń sọ fún ara rẹ̀. “Gbogbo àrọ́mọdọ́mọ yẹn! Irọ́ ni baba ńlá wọn.”

Ẹnì kan sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí Ìyá kúkú lọ sinmi nílé. Ìyá gbọ́.

“Ta ló fẹ́ sinmi? Kí n jókòó nílé kí n máa wo àga ọmọ tí a sin? Ẹnjiníà, dìde, ọmọ mi. Gbé aago rẹ. Wọ̀n mí ní gbogbo ìjókòó, látòkè délẹ̀. Ìwọ ìyàwó, dúró níwájú mi, kó ọwọ́ rẹ sẹ́yìn, kí o má bàa tún tèmi ṣe.”

Ìyàwó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ń wo sípánà bó ti ń yọ̀ lọ́wọ́ Ìyá, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè nù ún. Nídìí wáyà, Ìyá lọ́ra. Nídìí àwọ̀n, ó lọ́ra. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń dán fáànù wò, ó ki wáyà bọ iná, ó dẹ etí sí i, ó ní, “Èyí dára.” Ó gba òmíràn. “Èyí ń ráhùn nínú. Ẹ gbé e lọ.” Wọ́n ṣí i, apá rẹ̀ kan ti sán.

Kọ̀ǹpútà tún bímọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ó fi Ìyá sí ìdí ìdánwò, ó sì fi nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ fún ìyàwó nìkan. Bẹ́líìtì gígùn wà láàárín wọn. Títí wọ́n fi délé, tí ilẹ̀ tún fi mọ́, Ìyá kò bá a sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ti wọra nígbà tí Aláwàdà gbé fáànù kan wá sọ́dọ̀ ìyàwó. “Ìyá ní kí n dá a padà fún ọ. Wọ́n ní nọ́ọ̀tì kan dẹ̀.”

“Tèmi?” Wọn kò dá tirẹ̀ padà rí.

Ó gbójú sókè. Lọ́ọ̀ọ́kán, Ìyá ti dìde, wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò ó.

“Ìyàwó! Tún un dè o. Mi ò ní bá ọ dè é!”

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé-iṣẹ́ náà. Ìyàwó fi ìka kan nọ́ọ̀tì ọ̀hún. Òótọ́ ni. Ó yí.