Ọ̀nà Tí Marcellin Yà sí Espalion

Ọjọ́ Àìkú ni Sabine ọmọ wa bímọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Marcellin ọkọ mi ti tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìdáná, ó ti ti ife kọfí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ti kéde pé lọ́jọ́ Sátidé a máa wa mọ́tò lọ sí Espalion lọ wo ọmọ. Obìnrin ni ọmọ náà, Apolline ni wọ́n sọ ọ́, òun sì ni ọmọ-ọmọ wa àkọ́kọ́. Sabine ti sọ fún wa lórí tẹlifóònù pé ká má yọ ara wa lẹ́nu, pé tó bá di oṣù keje àwọn á gbé e wá bá wa ní Riom-ès-Montagnes níbí.

"Oṣù keje ti pẹ́ jù," Marcellin wí. "Mo fẹ́ rí ojú ọmọ yẹn báyìí."

"Ojú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ lóṣù keje."

"Arlette, mo ní báyìí."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ o: èmi kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Nǹkan kékeré ló ń bí mi nínú, tó bá sì ti bí mi, ẹnu mi kì í lè pa á mọ́. Láti ọdún mẹ́rìnlélógójì tí a ti jọ ń gbé, èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀, Marcellin ló máa ń dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá ti yàtọ̀. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, á yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi, á kọjú sí ibi tí ààrò wà. Mo lè sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí, ààrò lá máa wò. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti sú u. Ká sọ òótọ́, mo rò pé èmi gan-an ni mo ti sú u, ó sì ń dùn mí dọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, mi ò fẹ́ bá a jókòó sínú mọ́tò fún odindi òwúrọ̀ kó máa wo ibòmíràn. Reluwé ni mo fẹ́. Mo ti lọ gba ìwé tí wọ́n to àkókò reluwé sí, mo sì ti fi gíláàsì ojú mi kà á tinútòde: a ó wọ̀ ọ́ ní Murat, a ó pààrọ̀ ní Aurillac, a ó tún pààrọ̀ ní Figeac, Bastien ọkọ Sabine á sì wá fi mọ́tò gbé wa ní Rodez.

"Báwo la ṣe máa dé Murat?" Marcellin béèrè.

"Bọ́ọ̀sì wà. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, láàárọ̀."

"Àmì kékeré kan máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago yẹn. Wá ohun tó ń sọ nísàlẹ̀ ìwé."

Àmì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé ni, kì í ná lọ́jọ́ Sátidé. Mo rí àmì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ reluwé tó kúrò ní Figeac: lópin ọ̀sẹ̀, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀.

"Níbo la ti máa jẹun ọ̀sán?" ó tún béèrè.

Ìbéèrè yẹn ló pa ọ̀rọ̀ reluwé. Ibùdókọ̀ Figeac ni aago méjìlá máa bá wa, ogún ìṣẹ́jú péré la sì máa lò níbẹ̀. Marcellin ò jẹun ọ̀sán lórí ìdúró rí láyé rẹ̀, èmi náà ò sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ká ìwé náà, mo fi sínú àpótí.

Ló bá mú pẹ́ńsù pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀nà tiẹ̀. Ọ̀nà ńlá kan wà tí gbogbo ayé ń gbà, láti Murat sí Saint-Flour, sí Chaudes-Aigues, sí Laguiole, kéèyàn tó sọ̀ kalẹ̀ sí Espalion. Marcellin ò yà á síbẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn òkè, ó gba Malbo, ó gba Pierrefort, ó tún ya inú àwọn ọ̀nà oko tí màlúù àti katakata nìkan ń gbà. Kò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ wo máàpù náà. Ó ń fi ẹnu pe orúkọ àwọn oko bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì rẹ̀: àwọn Chassang, àwọn Delmas, ilé aláwọ̀ búlúù, afárá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ táńkà tó ń gba wàrà lọ́wọ́ àwọn olóko, kó tó fẹ̀yìn tì.

"Kí la fẹ́ lọ ṣe ní Malbo?" mo bi í.

"Ọ̀nà ibẹ̀ dára."

"Ọ̀nà ibẹ̀ ò dára rí. Àbí tìtorí opó yẹn ni? Georgette tó máa ń fún ọ ní kọfí láràárọ̀?"

"Arlette."

"Mo kàn béèrè ni. Bóyá òun náà fẹ́ bá wa lọ wo ojú ọmọ."

Ló bá yíjú sí ààrò. Inú bí mi débi pé mo fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ a jáde lọ ra epo mọ́tò. Marcellin ò fi bẹ́ẹ̀ wa mọ́tò mọ́ láti ìgbà òtútù. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, ẹsẹ̀ ló sì fi ń lọ ra búrẹ́dì. Àárín ìgbà òtútù yẹn ni wọ́n sọ oríta tó wà lọ́nà ilé epo di oríta roboto, èyí tí mọ́tò ń yí po. Wọ́n gbin òdòdó sáàárín rẹ̀, wọ́n sì gbé màlúù oníke pupa kan tó tóbi ju màlúù gidi lọ síbẹ̀. Gbogbo ìlú ti fi màlúù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ tán.

Marcellin ò dín eré kù. Tààrà ló wà á lọ. Mo pariwo, mọ́tò fò sókè, òdòdó fọ́n ká, a sì dúró nígbà tí imú mọ́tò kan ikùn màlúù. Nǹkan kan ò ṣe wá. Màlúù náà mì jọ̀wọ̀lọ̀, kò ṣubú.

Fabrice, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú òdòdó ìlú, ju ike omi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wá, ó ń pe orúkọ ìdílé wa.

"Bàbá Vidalenc! Yíyí la máa ń yí i po o! Wọn kì í la àárín rẹ̀ kọjá!" Ó wo ilẹ̀. "Igba òdòdó! Àná ni mo gbìn wọ́n tán, ẹ̀yin èèyàn yìí!"

"Fabrice, lọ dúró lọ́hùn-ún ná," mo ní. Mo kọjú sí ọkọ mi. "Màlúù tó tóbi tó ilé! Tó pupa fòò! Ṣé o ò rí i ni?"

"Mi ò rí i."

"Kí lo wá rí?"

"Oríta," ó ní. "Oríta tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ìtọ́kọ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi, láàárín òdòdó Fabrice. Ó ní àárín ojú òun ti lọ, ohun tó bá wà níwájú òun gan-an kì í hàn sí òun mọ́. Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ, ti ọ̀tún tẹ̀ lé e. Dókítà kan ní Aurillac ti sọ fún un lóṣù kìíní pé kò sí oògùn tó lè dá a padà, pé èyí tó ṣẹ́ kù náà lè má dé ìparí ọdún. Lọ́jọ́ tó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, èmi rò pé eyín ló lọ yọ. Kò sì sí ọ̀nà kan nínú èyí tó yà sórí máàpù tí kò tíì gbà ní ẹgbẹ̀rún ìgbà.

"Mo lè wà á bí mo bá tiẹ̀ dijú," ó ní. "Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn."

"Bí ọmọdé bá wá sá jáde ńkọ́? Bí màlúù gidi bá wà lójú ọ̀nà?"

Ó pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò.

"O fẹ́ pa wá!"

"Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ ni, Arlette. Mi ò mọ̀ bóyá màá ṣì rí nǹkan kan lóṣù keje."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ojoojúmọ́ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, o kàn ń wo ààrò!"

Ó rọra yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò. "Bí mo bá wò ọ́ tààrà, ihò ló máa ń wà níbi tí ojú rẹ wà. Àfi kí n yíjú, nígbà yẹn mo máa ń rí ọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò wo ààrò rí. Ìwọ ni mò ń wò."

Mo gbá a léjìká lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bú sẹ́kún. Odindi ọdún kan ni mo fi ń bínú sí ọkùnrin tó ń sapá láti rí mi. Ojú tì mí. Inú tún bí mi sí i pé ó dá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lórí ibùsùn kan náà.

"Georgette wá ńkọ́?" mo ní nígbà tí mo fun imú tán.

"Georgette ti kú, ó ti tó ọdún mẹ́fà. Ìwọ lo fi òdòdó ránṣẹ́ síbi ìsìnkú rẹ̀."

Òótọ́ ni. Mo ti gbàgbé.

Fabrice kan fèrèsé. "Ẹ má bínú o. Ta ló máa wá wa mọ́tò yìí kúrò lórí òdòdó mi?"

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, mo ní kí Marcellin sún. Èmi náà ní láísẹ́ǹsì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mo wà nígbà tí mo gbà á, mo sì fi wakọ̀ fún oṣù mẹ́ta, títí Marcellin fi fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ wọ ẹnu ọ̀nà ilé. Mo sọ kọ́kọ́rọ́ lù ú, mi ò sì fọwọ́ kan ìtọ́kọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Báyìí, mo tẹ ohun tí kò yẹ kí n tẹ̀, mọ́tò fẹ̀yìn rìn, ó sì run ìwọ̀nba òdòdó tó kù. Fabrice di orí mú. Marcellin ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀nà tó yà náà la gbà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀rù àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀nà ńlá ń bà mí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lójú ọ̀nà tiẹ̀, èèyàn kì í rí ju katakata kan lọ láàárín wákàtí kan. Ó jókòó ti mí, ó dijú, ó ń darí mi.

"Kọ́nà ń bọ̀ lápá òsì, ó gùn. Má tíì tẹ bíréèkì. Ó yá, yà. Afárá ló kàn, tóóró ni, ṣùgbọ́n ó gba táńkà, á gba ìwọ náà."

"Ṣé mo sanra tó táńkà ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o."

Èmi náà ń sọ ohun tó ti yí padà fún un. Òrùlé àwọn Delmas ti wó. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà funfun kun ilé aláwọ̀ búlúù. Kò dùn mọ́ ọn nínú, ó ní kí ló dé tí wọn ò fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà. A dé Pierrefort ní aago méjìlá kú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a jókòó, a jẹ pọ̀tétò tí wọ́n fi wàràkàṣì ṣe títí tó fi ń fà. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀ mí pé kí n má sọ nǹkan kan fún Sabine.

"Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un," ó ní. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ọmọ ná."

Aago mẹ́ta ti kọjá ká tó wọ Espalion. Sabine wà lórí àga, ó rẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ dùn. "Pàápá, ẹ gbà á," ó ní, ó sì gbé ọmọ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Mo ti gbàgbé bí ojú ọmọ tuntun ṣe máa ń kéré tó. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Marcellin gbé e lọ sídìí fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Ó yí orí sápá òsì, ó yí i sápá ọ̀tún. Ó gbé ọmọ náà sókè, ó gbé e sún mọ́ra, ó tún gbé e jìnnà díẹ̀. Bastien rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá ẹ̀ṣọ́ aṣọ́bodè ni Bàbá, pé wọ́n ń yẹ ọmọ wò kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ̀lú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo rí bí ọkọ mi ṣe ń wá ojú ọmọ yẹn kiri tí kò rí i, ojú náà kéré débi pé inú ihò yẹn ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọkàn mi ń bàjẹ́.

Nígbà tó yá, ó rọra gbé ọmọ náà mọ́ àyà.

"Mo rí i," ó ní. "Imú Arlette ló gbé wá. Imú Arlette gan-an."

Imú mi gùn, ó sì tẹ̀ bí ìkọ́, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ẹbí wa. Ti Apolline pẹlẹbẹ, imú ìyá Bastien ni, kò tiẹ̀ jọ tèmi rárá. Sabine lanu láti sọ̀rọ̀. Mo wò ó, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Imú mi ni," mo ní. "Ọmọ ọlọ́mọ, ó mà ṣe o."

Marcellin rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gba ọmọ náà lọ́wọ́ òun títí ilẹ̀ fi ṣú.