Ohun Tí Sèínábù Kò Fojú Rí

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Sèínábù, ó ń kàwé ní lísè, ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, ní Sokodé. Ọ̀dọ̀ Jàríátù, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ń gbé ní àdúgbò Komah. Àkànó, bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu ni ní Kambolé. Ohun tí bàbá yìí ń fẹ́ ni kí ọmọ òun di olùkọ́ tàbí agbẹ̀bí, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní torí rẹ̀ wá kanlẹ̀kùn ẹni. Àmọ́ iṣẹ́ ìròyìn ló wà lọ́kàn Sèínábù. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lọ́jà, tí gbogbo ènìyàn ń sá kúrò, òun á máa sá lọ síbẹ̀. Á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì tó jà, á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó là wọ́n, á wá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Jàríátù a máa sọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló fi ọ́ jẹ adájọ́?"

Olùkọ́ wọn kan, Mùsíè Ládiípọ̀, Kátólíìkì ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sokodé, ló dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ara ògiri ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìròyìn bọ́ọ̀lù ló sábà máa ń wà níbẹ̀, àti orúkọ àwọn tó gba ipò kìíní, àti ọ̀rọ̀ ìyìn fún olórí orílẹ̀-èdè. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà ní Togo nígbà náà, àwòrán ẹnìkan ṣoṣo ló sì wà lára gbogbo ògiri. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu, inú yàrá ló ti ń sọ ọ́, á sì kọ́kọ́ ti fèrèsé.

Nínú oṣù kẹta ọdún, nígbà tí ooru mú jù, lísè gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Sèínábù wọ mọ́tò lọ sí Kambolé. Ẹkún ló bá nílé Àmínátù, aládùúgbò wọn. Ọmọbìnrin Àmínátù, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti kú ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

"Orí ló ní ó ń fọ́ òun láàárọ̀," Àmínátù wí. "Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ọrùn rẹ̀ gan, kò lè tẹ orí ba mọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a."

Bàbá ahunṣọ kan ní ojúlé kẹta kú bákan náà. Àwọn àgbà mọ àrùn ọ̀hún, yínrùnyínrùn ni wọ́n ń pè é, inú ooru ló sì máa ń jà. Ṣùgbọ́n rédíò sọ lọ́sẹ̀ náà gan-an pé àlàáfíà ni gbogbo agbègbè wà. Bí rédíò ti ní kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ di púpọ̀. Àwọn kan ní ẹni mẹ́wàá ló ti kú, àwọn kan ní ogún. Wọ́n ní Yàhàyá pàápàá, mọlémọlé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ti kú lórí alùpùpù tí wọ́n fi ń gbé e lọ sí ọsibítù.

Sèínábù kò sinmi ọjọ́ kan nínú ìsinmi náà. Ó ń rìn láti ilé dé ilé. Ibi tí wọ́n bá ti ní ènìyàn kú, á ní kí wọ́n mú òun dé ibojì. Ibojì tuntun méjì péré ló rí. Nínú àwọn yòókù tí wọ́n ń dárúkọ, ó bá àwọn mélòó kan lóko tí wọ́n ń kọ ebè. Ọ̀rọ̀ Yàhàyá ló wá ṣòro. Nígbà tó dé ilé rẹ̀, ó bá Àkànkẹ́ ìyàwó rẹ̀ lórí ẹní, àwọn obìnrin yí i ká, wọ́n ń kí i kú àfẹ́kù ọkọ.

Sèínábù kúnlẹ̀, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rí òkú rẹ̀?"

"Yéè! Ṣé ìwé tí o ń kà ló ba ojú àánú rẹ jẹ́?" obìnrin kan jágbe mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n Àkànkẹ́ gbé ojú sókè. "Ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i. Ará Koussountou kan tó wá sọ́jà ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n Yàhàyá tó gbé e lọ kò tíì padà."

Bí ó ti gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́.

Nígbà tó padà dé Sokodé, Mùsíè Ládiípọ̀ ka ohun tó kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Sèínábù, ṣé o mọ ibi tí a wà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Mùsíè."

"Rédíò ní kò sí nǹkan kan. Ìwọ ní ènìyàn méjì kú."

"Mo dé ibojì méjèèjì. Bí ẹ bá rí irọ́ kan níbẹ̀, ẹ fi hàn mí, kí n pa á rẹ́."

Ó wo ìwé náà títí, kò rí irọ́ kankan. Ó ní kí àwọn yọ orúkọ Sèínábù kúrò, kí òun fi ti òun sí i. Sèínábù kọ̀. "Ẹ̀yin ò lọ sí Kambolé, Mùsíè. Báwo lẹ ṣe máa ní ẹ rí i?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ògiri. Nígbà ìsinmi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé bo ibẹ̀, wọ́n ń kà á. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹnìkan ti ya á lọ. Kò sẹ́ni tó mọ onítọ̀hún.

Lọ́jọ́rú, ìpè dé. Wọ́n ní kí Sèínábù àti olùkọ́ rẹ̀ yọjú sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Tchamba, olú agbègbè Kambolé, lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Kambolé. Jàríátù ká ọwọ́ lé orí. "Mo sọ, mo sọ! Àwọn tó ti jẹ́ irú ìpè yìí rí, tí a ò gbúròó wọn mọ́ ńkọ́?" Gbogbo àdúà tó mọ̀ ló kà sí orí ọmọ náà kó tó jẹ́ kó jáde.

Nígbà tí wọ́n dé Tchamba, Àkànó ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀. Sèínábù ti ń múra sílẹ̀ de èébú. Bàbá kò bú u. Ó kàn wò ó, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Wọ́n pè wọ́n wọlé. Ọ̀gá kan tí kò rẹ́rìn-ín ló jókòó sídìí tábìlì, báàjì ẹgbẹ́ òṣèlú wà láyà rẹ̀. Faransé ló ń sọ, Mùsíè Ládiípọ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún Àkànó ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀gá náà ju ìwé pélébé kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ sórí tábìlì.

"Gbogbo ọjà Sokodé ni wọ́n fọ́n èyí sí. Ó ní ogójì ènìyàn ti kú ní Kambolé. Ó ní Yàhàyá mọlémọlé kú lójú ọ̀nà ní ọjọ́ Ẹtì. Ìwọ lo kọ ọ́."

Sèínábù mi orí. "Èmi kọ́, ọ̀gá. Tèmi wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á."

Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú ìwé ara ògiri náà tó ti ya létí jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó dé ibì kan, ó ka ibẹ̀ sókè: "'Wọ́n ní Yàhàyá ti kú. N kò rí ẹni tó rí òkú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè.'" Ó gbójú sókè. "Kí ló dé tí o ò kọ ọ́ pé ó kú? Gbogbo ìlú ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo ìlú kọ́ ló gbé e lọ sí ọsibítù, ọ̀gá."

Mùsíè Ládiípọ̀ gbàgbé láti túmọ̀. Ọ̀gá náà wo ìwé kan, ó wo èkejì. Lẹ́yìn náà ló gbé tẹlifóònù, ó ní kí wọ́n wá ọsibítù Sokodé fún òun, kí wọ́n béèrè ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yàhàyá, ará Kambolé.

Wọ́n dúró. Fáànù ń yí lókè, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn olùkọ́. Àkànó ń gbàdúrà lábẹ́ ètè. Sèínábù ń ronú pé bí ọkùnrin yìí bá ti kú lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa gbà pé ọwọ́ kan náà kọ́ ló kọ ìwé méjèèjì.

Tẹlifóònù dún. Ọ̀gá gbọ́, ó fa bíìkì, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé e kalẹ̀.

"Ó wà láàyè," ó wí.

"Ó wà láàyè!" Mùsíè Ládiípọ̀ tún un sọ ní Yorùbá. Àkànó ti dìde dúró kó tó mọ̀. "Alihamudulilahi!"

Ọ̀gá náà kò bá wọn yọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. "Dókítà ní yínrùnyínrùn ni. Àwọn méjì tó kú, ṣé ọrùn àwọn náà gan?"

"Ìyá tó gbé ọmọ náà lẹ́sẹ̀ ló sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ bàbá ahunṣọ sọ ohun kan náà."

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí ìwé náà má sì padà sára ògiri láéláé. Ó dá a padà sínú dúrọ́ọ̀, kò ya á.

Wọ́n kò tíì rìn jìnnà tí Sèínábù fi dúró. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò kan, ẹ̀rín àti ẹkún gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Mùsíè Ládiípọ̀ jókòó tì í, tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ̀. Àkànó ní tirẹ̀ kò jókòó rárá. Alùpùpù ló ń wá, kó lè tètè dé ọ̀dọ̀ Àkànkẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára dé Kambolé. Rédíò kò sọ ìdí tí wọ́n fi wá.

Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọsibítù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí wọ́n wá wo Yàhàyá, Àkànó dé Komah pẹ̀lú iṣu àti Àkànkẹ́. Sèínábù mú ìyàwó náà lọ sí ọsibítù. Yàhàyá ti rù, etí rẹ̀ kan kò sì gbọ́ran mọ́, ṣùgbọ́n ó ń jókòó fúnra rẹ̀, ó sì ń mu ẹ̀kọ. Àkànkẹ́ di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń fọwọ́ pa á.

"Wọ́n ní ẹ ti ń ṣọ̀fọ̀ mi?" Yàhàyá béèrè, ó ń pariwo láìmọ̀. "Ta ló jẹ ọkà ọ̀fọ̀ mi?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Sèínábù padà délé, Jàríátù ti gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún Àkànó. Apá ọ̀tún bàbá tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní Kambolé ṣì wú, ọwọ́ òsì ló fi ń gbé e ró.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá pè mí," bàbá wí, "òkèlè kò gba ọ̀fun mi kọjá." Ó fa àwo súnmọ́ ara. "Jàríátù, bù sí i."