Ìyẹ̀fun Ń Wú, Ẹ Má Ṣílẹ̀kùn

Lọ́dún tó kọjá, ìdí tábìlì Kérésìmesì ni oorun ti gbé mi lọ, fọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ilinca ọmọ mi, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Ítálì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi nípa ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́. Nígbà tí mo lajú, wọ́n ti kó àwo kúrò, ọ̀rọ̀ ti tán. Mo bi í léèrè títí, èsì rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "Màmá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù." Lọ́dún yìí, mo pinnu pé bí Ilinca bá la ẹnu, ojú mi á là.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ìlú Făgăraș, ní Ròmáníà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti di oṣù Kejìlá, gbogbo ọmọ tó wà lẹ́yìn odi ló ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, àárẹ̀ mú mi débi pé inú fìríìjì ni mo ti bá kọ́kọ́rọ́ ilé. Mo da iyọ̀ sínú kọfí Traian ọkọ mi, ó mu ún tán, ó tún dúpẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti ń bà á lẹ́rù. Nílé, Ìyá Veturia, ìyá ọkọ mi, ń dúró dè mí pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti iṣẹ́: kọ́tìnnì láti fọ̀, rọ́ọ̀gì láti lu eruku rẹ̀ jáde lórí yìnyín.

"Ìyá, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ ká fi rọ́ọ̀gì sílẹ̀ lọ́dún yìí."

"Ó rẹ̀ ọ́? Nígbà tí mo wà bíi tìrẹ, mo pa ẹlẹ́dẹ̀ Kérésìmesì láàárọ̀, mo bí ọkọ rẹ lọ́sàn-án."

"Ìyá, oṣù Keje ni ẹ bí mi," ni Traian wí láti ìdí ààrò.

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀bẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Mo wá ronú kan ohun kan ṣoṣo tó lè dá Ìyá Veturia dúró, ìyẹn cozonac. Kò sí Kérésìmesì láìsí búrẹ́dì dídùn yẹn. Nígbà tí ìyẹ̀fun pípò rẹ̀ bá ń wú, ẹnikẹ́ni kì í ṣílẹ̀kùn yàrá ìdáná, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ sókè, kí atẹ́gùn tútù má baà pa á. Ìyá Veturia lè bá àlùfáà jiyàn, kò jẹ́ bá òfin yìí jiyàn.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ìṣe ìwúkàrà. Ohun abẹ̀mí ni. Bó bá pọ̀, tí mílíìkì rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sáré. Bó bá kéré, tí mílíìkì rẹ̀ tutù díẹ̀, á rọra máa ṣe tirẹ̀, á pẹ́ kó tó wú, búrẹ́dì á tilẹ̀ dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, mo bu ìwúkàrà díẹ̀, díẹ̀ gan-an. Mo po ìyẹ̀fun náà títí tí kò fi lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ mọ́, mo ṣàmì àgbélébùú lé e lórí, mo fi aṣọ ìnura bò ó, mo da ẹ̀wù òtútù Traian lé e. Mi ò gbé e sún mọ́ ààrò púpọ̀. Mo tilẹ̀kùn, mo na ara mi sórí bẹ́ńṣì.

Mo gbọ́ tí àga Ìyá Veturia ró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti jókòó ṣọ́ ilẹ̀kùn. Láìpẹ́, Domnica aládùúgbò wa dé.

"Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún, Màmá. Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ yín ni mo wá yá."

"Rọra sọ̀rọ̀. Ìyẹ̀fun ń wú."

"Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ọ̀hún ńkọ́?"

"Inú ibẹ̀ ló wà. Lọ fi ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ ku ìyẹ̀fun tìrẹ."

Mo ki etí aṣọ bọ ẹnu kí ẹ̀rín mi má baà jáde. Lẹ́yìn náà ni Traian dé, ó ní òun ń wá ìyàwó òun.

"Ìyàwó rẹ ń tọ́jú ìyẹ̀fun. Rọ́ọ̀gì ń bẹ níta, o sì lọ́wọ́ méjì. Ẹ̀yìnkùlé lọ́hùn-ún ni kó o ti lù ú."

Mo gbọ́ ìró igi lára rọ́ọ̀gì lókèèrè, pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀, mi ò sì gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Nígbà tí mo jí, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Ìyẹ̀fun ti wú kọjá etí ọpọ́n, ó gbé ẹ̀wù òtútù sókè bí ẹni tó fẹ́ dìde. Orí mi fúyẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn. Ìyá Veturia ti sùn lọ lórí àga, àgbọ̀n rẹ̀ lórí àyà, ọ̀pá rẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà. Ilinca, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ítálì dé, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù, àpò rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Bàbá ní kí n má tiẹ̀ mí," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìyá Veturia ta jí. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa, ìdí ìyẹ̀fun ló gbà lọ. Ó já díẹ̀ níbẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo bó ṣe jìnnà sí ààrò.

"Ìwúkàrà yìí kéré."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Mi ò wá àwáwí.

Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, eegun ró.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, tún dín in kù sí i."

Kọ́tìnnì wà bó ṣe wà. Mo wé àsálà sínú ìyẹ̀fun, mo tì í sínú ààrò, mo fa àga méjì sí iwájú rẹ̀. Ilinca jókòó. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí iná.

"Màmá, mi ò fẹ́ ọkùnrin yẹn mọ́. Láti èṣí ni."

"Láti èṣí, ìwọ nìkan lo ń dá a gbé kiri?"

"Mo sọ fún yín. Ẹ ti sùn lọ."

Mo fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀.

"Tún un sọ," mo wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀."