Pẹ̀rẹ̀gún Tó Rìn

"Tíṣà, ṣé ìwọ kọ́ lo kọ́ àwọn ọmọ wa pé ilẹ̀ ń rìn?"

Adégbóyè dìde dúró láàárín ìpàdé ẹbí, ó fa aṣọ sókè lórí èjìká. "Jọmílójú ọmọ mi wà ní kíláàsì rẹ. Ó délé, ó ní Àǹtí Rónkẹ́ sọ pé ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Bùràsíìlì so mọ́ra nígbà kan, pé wọ́n fira wọn sílẹ̀, òkun wá gba àárín wọn. Bí odindi ilẹ̀ bá lè rìn jìnnà tó báyẹn, kí ló wá ní kí pẹ̀rẹ̀gún má rìn wọ inú kòkó?"

Ẹ̀rín sọ nínú ilé. Adérónkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí i.

Ọ̀rọ̀ náà kò ta kókó rárá. Kí bàbá wọn tó kú, ó pín oko kòkó rẹ̀ ní Odò-Orò sí méjì: apá kan fún ìyá Adégbóyè tó jẹ́ ìyáálé, apá kejì fún ìyá Adérónkẹ́. Ó gbin pẹ̀rẹ̀gún sí ààlà bí àwọn baba wọn ti máa ń ṣe, nítorí igi tí kì í tètè kú ni. Ìyá Adérónkẹ́ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin kòkó apá tirẹ̀, ìdí rẹ̀ ló sì wà títí tó fi darúgbó. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Adérónkẹ́ kúrò ní Ìkọ̀lé, níbi tó ti ń kọ́ jọ́gíráfì, ó lọ ká kòkó. Pẹ̀rẹ̀gún ló bá láàárín gbùngbùn kòkó ìyá rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Adégbóyè sì ti ń ká kòkó náà lọ. Ojú ọmọ baba kan náà mà le o!

"Ẹ̀gbọ́n mi," Adérónkẹ́ ní, "bí èékánná ṣe ń hù ni ilẹ̀ ṣe ń rìn. Ibi tí oko mi bá sì ń lọ, oko yín náà ń bá a lọ, torí ẹ̀yìn kan náà ló pọn àwọn méjèèjì. Ta ló wá fi ọkọ́ hú pẹ̀rẹ̀gún?"

"O ń pè mí lólè?"

"Ẹ̀yin lẹ dárúkọ olè, èmi ò dárúkọ rẹ̀."

Bàbá Jacob fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Àbúrò bàbá wọn ni, òun ni olórí ẹbí, àgbà ìjọ Áńgílíkà sì ni.

"Ẹ dákẹ́ nínú ulé yìí!"

"Bàbá, ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá mi gbìn ín," Adérónkẹ́ ní. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ ti ń bí mi nínú tipẹ́. Ṣé uṣẹ́ tíṣà ló ní kí o máa bá Ọlọ́run tó dá ayé jiyàn? Jẹ́wọ́ níwájú wa pé irọ́ lo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, pé ilẹ̀ kì í rìn. Bí o bá ti sọ ọ́, pẹ̀rẹ̀gún á padà sáyè rẹ̀ lónìí."

Ẹ wo ohun tí àgbàlagbà ń fi òtítọ́ ṣe! Gbólóhùn kan, kòkó ìyá rẹ̀ á padà bọ̀ sí i lọ́wọ́. Adérónkẹ́ rí ìyá rẹ̀ lójú ọkàn, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí kòkó. Ó tún rí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, bí wọ́n ṣe fi páálí gé àwòrán Áfíríkà àti Bùràsíìlì, tí wọ́n tì wọ́n mọ́ra, tó sì ṣe wẹ́kú. Jọmílójú ló kọ́kọ́ pariwo. Ojú wo ni yóò fi wo ọmọ yẹn?

"Mi ò lè sọ ọ́, Bàbá. Ilẹ̀ ń rìn."

"A jẹ́ pé o ò lóko mọ́ nìyẹn," Adégbóyè ní, ó fi ẹ̀rín ẹlẹ́yà kún un.

Adérónkẹ́ jáde sí iwájú ilé, níbi tí gbogbo wọn ti ń rí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n.

"Ilẹ̀ tó ń rìn yìí náà ni mo fi búra. Bí mo bá ń béèrè ohun tí kì í ṣe ti ìyá mi, kó gbé mi mì. Ẹ̀gbọ́n, ó kàn yín. Ẹ ní ilẹ̀ ló gbé pẹ̀rẹ̀gún. Ẹ wá tọ́ ọ wò."

"Onígbàgbọ́ ni mí. Èmi kì í fi ilẹ̀ búra."

"Ẹ fi Bíbélì búra nígbà náà. Ti Bàbá nìyẹn lórí tábìlì."

Adégbóyè wo Bíbélì, ó wo ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ, kò yọ ọ́ jáde. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Adégbóyè," Bàbá Jacob ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "lọ gbé pẹ̀rẹ̀gún padà."

"Màá gbé e padà!" Adégbóyè na ìka sí Adérónkẹ́. "Ṣùgbọ́n Jọmílójú ò ní wọ kíláàsì rẹ mọ́. Èmi náà ò ní àbúrò kankan ní Ìkọ̀lé mọ́ láti òní lọ."

Ó jáde. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ lé e, títí ìjókòó apá ọ̀dọ̀ wọn fi ṣófo. Adérónkẹ́ ń wò wọ́n lọ. Báyìí náà ni ilẹ̀ méjì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í fira wọn sílẹ̀, kí omi òkun tó wọlé. Ó ṣì lè pe Adégbóyè padà, wọn ò tíì jìnnà. Iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì, kò pè é.