Àlejò Mẹ́ta Nítorí Yìnyín Òkè Kẹ́ńyà

Nígbà tí Fìyìnfólúwa sọ pé òun àti olùkọ́ òun ń lọ wọn yìnyín tó ń yọ́ lórí òkè Kẹ́ńyà, nínú ọgbà tí ìjọba fi dáàbò bo òkè náà, ìyá rẹ̀ bi í pé, "Ṣé yìnyín ò sí nínú fíríìsà wa ni?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀pá làwọn ń rì mọ́ yìnyín, káwọn lè mọ bó ṣe ń fà sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ó ṣèlérí pé òun á pe ilé lọ́jọ́bọ̀, táwọn bá ti sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kọjá, kò pè. Ní ọ̀sán Sátidé, Bọ́lánlé, ìyá rẹ̀, dúró lójú fèrèsé ilé wọn ní ìlú Laurel lókè òkun, ó rí mọ́tò Àlùfáà Ọládipúpọ̀ tó ń páàkì. Àlùfáà bọ́ sílẹ̀. Màmá Bridget, olórí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, tẹ̀ lé e, bàbá ìjọ kan sì tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn.

Ìròyìn ayọ̀ kò nílò èèyàn mẹ́ta. Ikú làwọn àgbà máa ń kóra jọ wá sọ. Bọ́lánlé ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í.

"Ẹ kú ilé o, Màmá Fìyìn," ni àlùfáà wí láti ìta.

"Ẹ má kí mi, sà. Ẹ sọ ọ́ níbẹ̀."

"Ṣé Bàbá Fìyìn wà nílé?"

Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ikú ọmọ fún ìyá láìjẹ́ pé ọkọ wà nítòsí.

"Wọ́n wà níbi iṣẹ́. Ṣé ọmọ mi wà láàyè?"

"A ò lè dúró síta sọ̀rọ̀," ni àlùfáà wí. "Ẹ jẹ́ ká jókòó ná, ká mu omi."

"Omi ò sí."

Màmá Bridget gbá ilẹ̀kùn. "Àlùfáà, ẹ fi omi yín sílẹ̀, ẹ ti fẹ́ẹ̀ pa obìnrin yìí. Bọ́lánlé, ọmọ rẹ ò kú. Ó já sínú ihò yìnyín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Wọ́n fi okùn fà á jáde. Gbígbé e sọ̀ kalẹ̀ ló pẹ́. Ó wà ní ọsibítù ní Nàìróbì. Òun fúnra ẹ̀ ló pe àlùfáà láàárọ̀ yìí."

Ilẹ̀kùn ṣí. Àlùfáà bá Bọ́lánlé tẹ nọ́ńbà ọsibítù náà.

"Mọ́mì?"

"Fìyìn." Ó mí kanlẹ̀. "Kí ló dé tí o ò pè mí?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n kó àwọn àgbà wá bá yín. Mo rò pé bí àwa Yorùbá ṣe ń sọ ìròyìn tó wúwo nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe nígbà tí Bàbá àgbà kú."

"Bàbá àgbà kú," ni Bọ́lánlé wí. "Ẹsẹ̀ tìẹ kàn kán ni. Ti ẹsẹ̀, fóònù ni kó o máa gbé."

Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ó lọ bu omi fún àwọn àlejò.