Lábẹ́ Ìdérí Tiransísítọ̀

Alájì Hàrúnà kò fi ìbínú rẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti sọ ọ́ ní ìsọ̀ páàtì rédíò rẹ̀ ní Táíwò Road, ó ti sọ ọ́ níbi sàráà, ó sì ti sọ ọ́ sí Lèmọ́ọ̀mù létí, pé olè ni Mọ́rúfù, ọ̀dọ́kùnrin ará àdúgbò Ṣàngó tó ń tún ẹ̀rọ agbóhùnsókè mọ́sáláṣí wọn ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀rọ náà jó nínú ààwẹ̀ ọdún 1991 yẹn. Lèmọ́ọ̀mù á jókòó ti tàfúsírù, ọ̀rọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọni lára, àfi gbùù! Òórùn jíjó á gba gbogbo mọ́sáláṣí, ohùn á sì wọlẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ojúlówó páàtì ni Mọ́rúfù ń rà lọ́wọ́ Alájì fúnra rẹ̀. Kí ló wá ń jó? Alájì ní ọmọ náà ń tà á fẹ́lòmíràn ni, ó ń fi àlòkù rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí Mọ́rúfù rọra fèsì pé bóyá páàtì náà ni kò dára, díẹ̀ ló kù kí Alájì fọ́ ọ létí.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn èèyàn ti ń lọ gba rédíò wọn kúrò lọ́wọ́ Mọ́rúfù láìtíì tún un ṣe. Àwọn àgbà mọ́sáláṣí ti fẹnu kò pé lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, níwájú gbogbo jámáà, ni wọn yóò lé e. Ta ni yóò tún gbé ẹ̀rọ fún ẹni tí mọ́sáláṣí lé?

Ẹ̀rí ló kù tí Alájì ń wá. Ó wá yíjú sí Ràúdátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ iná ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Òun ló rán an lọ. Nígbà tí ẹbí ń béèrè ohun tí obìnrin fẹ́ fi wáyà ṣe, ó dá wọn lóhùn pé ìsọ̀ òun ń fẹ́ ẹni tójú rẹ̀ ríran, kí àwọn oníjìbìtì má baà rẹ́ òun jẹ. Ó fún un ní tiransísítọ̀ tó jó kẹ́yìn, páàtì tó ń gbé ohùn sókè nínú ẹ̀rọ náà, irin pẹlẹbẹ kan tó ní ìdérí róbótó lórí, ó ní kó bá òun wo ohun tí olè fi í ṣe.

Ọ̀sán Àlàmísì ni Ràúdátù dé ìsọ̀ pẹ̀lú ayùn irin, àti ojúlówó tiransísítọ̀ mìíràn tó ní nọ́ńbà kan náà lára, tí olùkọ́ rẹ̀ fún un. Kó tó gé ohunkóhun, ó bi bàbá rẹ̀ bóyá ó mọ nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe é. Alájì ti ń tà á kí wọ́n tó bí ọmọ náà, kò sì béèrè rí.

"Yanrìn ni, Bàbá."

Alájì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ràúdátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní irú yanrìn tó wà létí odò Àsà náà ni. Iná tó gbóná ju ti alágbẹ̀dẹ lọ ni wọ́n fi ń yọ́ ọ, wọ́n á yọ gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ títí yóò fi ku sílíkọ́nì nìkan, wọ́n á fà á jáde gbọọrọ, wọ́n á wá gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí iṣu tí wọ́n fẹ́ fi dín dùndún. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, wọ́n á tún mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan mìíràn bíńtín lù ú, nítorí pé èyí tó bá mọ́ jù kì í fẹ́ jẹ́ kí iná kọjá. Ìdàpọ̀ bíńtín yẹn ló ń sọ ọ́ di ilẹ̀kùn tí èèyàn lè ṣí fún iná, tó sì lè tì. Ní Japan àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ṣe é, eruku kan kò gbọdọ̀ wọlé. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ wọbẹ̀ á bora bí ẹlẹ́hàá.

Ẹnu Alájì kò padé mọ́. Ó wo àwọn páálí tó tò dé àjà, ó ní sùbúhánálàhì. Ó tún ní kí ọmọ náà tún un wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé Mọ́rúfù.

Ràúdátù wá ṣàlàyé pé bí ègé sílíkọ́nì náà bá ṣe fẹ̀ tó ni iná tó lè rù. Ó gé ìdérí ti olùkọ́ rẹ̀. Ègé inú rẹ̀ fẹ̀ tó èékánná ọmọ-ìka rẹ̀. Ó gé ti mọ́sáláṣí. Èyí tó wà níbẹ̀ kò ju horo ọkà bàbà lọ, ó sì ti jó dúdú.

Alájì dìde. Ó ní kò tán bí, olè ti pààrọ̀ rẹ̀, òun yóò gbé e dé iwájú jámáà lọ́la. Ọmọ rẹ̀ ní kó fún òun ní tuntun kan nínú irú tí Mọ́rúfù rà, kí jámáà lè rí ìyàtọ̀. Alájì fọwọ́ ara rẹ̀ já páálí, ó mú ọ̀kan, ó fẹ́ ẹ nù.

Ayùn ṣiṣẹ́. Ìdérí ṣí. Horo ọkà bàbà kan ló wà níbẹ̀, ó ń dán.

Alájì mú òmíràn, ó ní kó gé e. Ó mú òmíràn láti ìsàlẹ̀ páálí. Bákan náà ni gbogbo wọn.

"Bàbá, ta ló kọ nọ́ńbà yìí sí i lára?"

Alájì mọ ẹni tó kọ ọ́. Ọkùnrin tó kó ẹrù náà wá láti Èkó kó o wá láìní nọ́ńbà ni. Ó béèrè èyí tí àwọn oníbàárà ń fẹ́, Alájì dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì jọ tẹ nọ́ńbà náà sí wọn lára ní ẹ̀yìnkùlé Alájì. Lójú rẹ̀, bí ẹni ń sọ ọmọ lórúkọ ni. Gbogbo wọn rí bákan náà, wọ́n wúwo bákan náà. Ta ló mọ̀ pé inú wọn yàtọ̀? Òun tó ń yọjú wo òṣùwọ̀n àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń wàásù fún wọn!

"Èmi ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n."

"Ìdérí nìkan ló jọra, Bàbá."

Èrò burúkú kan sọ sí i lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó rí i bí kò ṣe ọmọ rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, wọn yóò lé Mọ́rúfù lọ́la, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ó wo Ràúdátù. Ọmọ náà ń gbá ìyẹ̀fun irin jọ sí àtẹ́lẹwọ́, kò gbójú sókè.

"Ẹ̀yin lẹ rán mi lọ kọ́ ọ," ló wí.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ́ọ̀ tán, ẹnu ọ̀nà níbi tí bàtà wà ni Mọ́rúfù jókòó sí, ó doríkodò. Lèmọ́ọ̀mù ní kí Alájì sọ ohun tó mọ̀. Alájì dìde, ó nawọ́ gba ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, kó tó rántí pé ẹ̀rọ náà ti kú. Ọ̀fun lásán ló kù fún un.

Ó ní Mọ́rúfù kò jalè. Ó ní ayédèrú ni páàtì tí òun tà fún un, òun sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i. Àwọn tó wà ní sàfù, ìlà iwájú, ṣíwọ́ tẹ̀sùbáà. Ṣùgbọ́n mọ́sáláṣí náà tóbi, èrò sì kún inú rẹ̀. Láti àárín ni wọ́n ti ń béèrè pé kí ni Alájì wí. Kò sẹ́ni tó bá a tún un sọ. Lèmọ́ọ̀mù pàápàá ń wolẹ̀. Alájì rìn dé àárín, ó tún un wí. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́rúfù, ó tún un wí, ohùn rẹ̀ sì ti há.

Ìyá arúgbó kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé àwọn obìnrin, níbi tí Ràúdátù jókòó sí, pé àwọn ò tíì gbọ́ o.

Alájì súnmọ́ aṣọ ìkélé náà.

"Mọ́rúfù kọ́ ni," ló wí. "Èmi ni."